Hóró Oògùn Kì Í Dá Dúró

Kí a tó wọ láàbù ni wọ́n ti fún wa ní awò ojú àti ìbọ̀wọ́. Hóró oògùn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 200 nánómítà lọ, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo.

Lórí tábìlì àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń mú wa kiri ti yọ́ oògùn pọ̀ mọ́ PLGA, ike kan tó máa ń tú ká nínú ara, nínú dichloromethane, omi kẹ́míkà kan. Ó gbé ìgò méjì kalẹ̀ sínú yìnyín. Omi lásán wà nínú ọ̀kan. Omi tí wọ́n ti yọ́ PVA sí ló wà nínú èkejì. Surfactant ni PVA: bíi ti ọṣẹ, apá kan ara rẹ̀ fẹ́ omi, apá kejì ń sá fún un.

"Ẹ fọwọ́ dí etí o." Ó da àpòpọ̀ ike náà sínú ìgò àkọ́kọ́, ó sì ti ọ̀pá irin tó ń gbọ̀n bọ̀ ọ́. Ìró rẹ̀ han goooro. Omi dàrú, ṣùgbọ́n kò tíì pa ẹ̀rọ tán tí àwọn ẹ̀kán fi ń wọnú ara wọn, tí wọ́n sì ń rì. Nígbà tó yọ irin jáde, ike ti lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ típẹ́típẹ́.

Ó ṣe bákan náà sí ìgò kejì: ó funfun báláú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. PVA ti to ara rẹ̀ yí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ká, kò jẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á máa rò ó fún wákàtí púpọ̀ kí dichloromethane lè fẹ́ lọ, kí ẹ̀kán lè di hóró líle. Èyí tí wọ́n rò mọ́jú ló gbé wá láti inú ẹ̀rọ ayíbírí tó ti kó hóró jọ: ìpẹ̀tẹ̀ funfun tí kò tó èékánná, nísàlẹ̀ ìgò. Ó da omi sí i, ó gbọ̀n ọ́n, ó tú ká.

"Fífọ̀ yìí ni iṣẹ́ ńlá, ẹ̀gbọ́n. Bí a ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó, PVA díẹ̀ á ṣẹ́ kù lára rẹ̀."

Ohun tó ṣẹ́ kù yẹn ni ara ènìyàn máa kọ́kọ́ bá pàdé. Lọ́dún 1995, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jörg Kreuter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé dalargin, oògùn apàrora tí kì í ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá gún un lásán sí iṣan ẹ̀jẹ̀ eku nítorí pé kì í wọ ọpọlọ, ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n dì í mọ́ hóró ike tí wọ́n fi polysorbate 80, surfactant mìíràn, kùn. Àlàyé tó tẹ̀lé e ni pé polysorbate 80 máa ń fa èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, èyí tí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ mọ̀, tó sì ń gbà wọlé.

Abájọ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi kọ orúkọ surfactant, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ìgbà tó fọ̀ ọ́ sára ìgò kọ̀ọ̀kan, kó tó wá kọ orúkọ oògùn sí i.