Ṣéènì ọ̀kadà kì í fà: ohun tó ń mú un gùn sí i, àti bí ẹ ṣe lè fi téèpù mọ̀ ọ́n nílé

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ohun èlò ọ̀kadà kò tíì kúrò nínú ìròyìn. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà jẹun kò nílò kí a tún ìyẹn sọ fún un. Ibì kan wà tí ọ̀wọ́n náà ti ń wu ẹ̀mí léwu, tí ìròyìn kì í sáábà dé: ṣéènì ni. Bí ṣéènì bá ti dẹ̀, tí owó òmíràn kò sì sí, mẹkáníìkì á ní kí wọ́n gé e. Á yọ oríkèé méjì kúrò, á fi lọ́ọ̀kì so ó padà, á fún un, ọ̀kadà á sì gbéra.

Àlàyé tó máa ń tẹ̀lé e ni pé ṣéènì ti fà bí rọ́bà ṣe ń fà, àti pé bí a bá ti gé èyí tó lé kúrò, ó ti padà sí bó ṣe wà. Àlàyé yìí wọ́pọ̀ débi pé àwọn tó mọ ọ̀kadà tú, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n tò, náà máa ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó wà lára ṣéènì kò fà tó ohun tí a lè wọ̀n. Ohun mìíràn ló ṣẹlẹ̀ sí ṣéènì náà, gígé kò sì lè wò ó sàn.

Inú oríkèé ni ọ̀rọ̀ wà

Ṣéènì tó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, irú Bajaj Boxer, ni èyí tí wọ́n ń pè ní 428. 4 tó ṣáájú túmọ̀ sí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́jọ ínǹṣì, ìyẹn ìdajì ínǹṣì tàbí 12.7 mìlímítà: ìwọ̀n láti àárín píìnì kan dé àárín píìnì tó tẹ̀lé e nìyẹn. 28 tó kù ń sọ bí ibi tí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, irin róbótó eléyín tí ṣéènì ń yí lé, ń wọ̀ ṣe fẹ̀ tó, nǹkan bí mìlímítà mẹ́jọ.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan. Píìnì wà láàárín. Búùṣì, irin oníhò, yí píìnì ká. Róólà yí búùṣì ká, òun ló sì ń fara kan eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì. Hans Renold, tí wọ́n bí ní ìlú Aarau ní Switzerland ní ọdún 1852, tó wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní agbègbè Manchester, ló gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí irú ṣéènì yìí ní ọdún 1880. Ṣáájú rẹ̀, etí irin pẹlẹbẹ tó tín-ínrín ló ń ru gbogbo ẹrù tí píìnì ń fà, kíá ló sì ń jẹ. Renold fi búùṣì sí i kí ẹrù náà lè pín káàkiri gígùn píìnì. Ó ti lé ní 140 ọdún báyìí, ìlànà yẹn náà ló ṣì ń gbé wa lọ sọ́jà.

Ṣùgbọ́n píìnì àti búùṣì ń fi ara wọn ha ara wọn. Nígbàkígbà tí oríkèé bá wọ orí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, á tẹ̀. Bó bá ń kúrò níbẹ̀, á nà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ṣéènì ní oríkèé 110, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ní eyín 42, tí àyíká táyà ẹ̀yìn sì jẹ́ mítà 1.8. Nínú kìlómítà kan ṣoṣo, oríkèé kọ̀ọ̀kan á yípo ju 200 ìgbà lọ. Bó ṣe ń tẹ̀, tó sì ń nà lórí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ó ti lé ní 800 ìgbà tí píìnì yí nínú búùṣì rẹ̀. Ká wá bu iyanrìn ojú ọ̀nà wa sí i. Kúátísì tó wà nínú iyanrìn le tó irin tí iná ti mú le, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ le jù ú lọ. Bó bá wọ àárín píìnì àti búùṣì, á máa ha wọ́n díẹ̀díẹ̀ ni.

Iye tí wọ́n ń ha kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà péré, 0.25, ló jẹ nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 110 sọ ọ́ di púpọ̀: 27.5 mìlímítà. Ṣéènì tó jẹ́ 1,397 mìlímítà nígbà tó wà ní tuntun ti fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i, láìsí pé irin kankan fà. Àfo kéékèèké inú oríkèé ló para pọ̀.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, tàbí kí ó dín díẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀kadà fi ṣe òpin ọjọ́ orí ṣéènì. Oríkèé méjì tí mẹkáníìkì ń gé kúrò sì jẹ́ 25.4 mìlímítà. Nítorí náà, ìgbà tí ṣéènì bá gùn tó ohun tí a lè gé oríkèé méjì lára rẹ̀ ni ìgbà tó ti kú. Àwọn oríkèé tó ṣẹ́ kù sì ní àfo kan náà tí wọ́n ní kó tó di pé abẹ́ kàn án.

Eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun fi 12.7 mìlímítà jìnnà síra, róólà ṣéènì tó ti jẹ kò bá ìyẹn mu mọ́. Dípò kí róólà jókòó sísàlẹ̀ láàárín eyín, á máa gun òkè. Ẹrù tó yẹ kí ọ̀pọ̀ eyín pín rù á wá bọ́ sórí díẹ̀. Orí eyín á tín-ínrín, á sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni ṣéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Bó bá já lórí eré, ó lè ká jọ sídìí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú kí ó fọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tàbí kí ó di táyà ẹ̀yìn mú pinpin pẹ̀lú èrò lẹ́yìn.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nílé

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi jíà sí fúrì, ẹ gbé ọ̀kadà dúró kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ di táyà náà mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì, ó ṣeé ṣe kí bíárìn ti jẹ, ẹ má tíì dá ṣéènì lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ṣéènì sẹ́yìn níbi tó ti jìnnà sí iwájú jù lórí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Bó bá kúrò débi pé ẹ rí nǹkan bí ìdajì eyín, ó ti parí.

Téèpù ló ń sọ òtítọ́ jù. Ẹ na ṣéènì kó le, kí ẹ ka ìsopọ̀ 20, láti àárín píìnì kìíní dé àárín píìnì kọkànlélógún. Fún 428 tuntun, 254 mìlímítà ni. Bó bá ti dé 259, kò sí àtúnṣe mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí pé kì í jẹ lọ́gbọọgba. Bí apá kan bá le tí apá kejì sì dẹ̀, ibi tó le jù ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n nígbà tí ẹ bá ń fún un. Àlàfo bíi mìlímítà 20 sí 30 ni ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré ń fẹ́. Èyí tó bá fún jù á jẹ bíárìn jíà.

Bí ẹ bá ń pààrọ̀, ẹ pààrọ̀ ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀, nítorí pé eyín tó ti tẹ̀ á tètè ba ṣéènì tuntun jẹ́. Orí ìdè lọ́ọ̀kì tí kò lanu ni kí ó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ. Ẹ fa táyà sẹ́yìn bákan náà lápá méjèèjì.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ló dára fún fífọ̀ ọ́, ọwọ́ ni kí ẹ sì fi máa yí táyà. Ẹni tó bá tan ẹ́ńjìnnì kó lè bá a yí i ń fi ìka rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ọ́ìlì jíà 80-90 dára. Ẹ kán an sí apá inú ṣéènì, ní àárín àwọn irin pẹlẹbẹ, lẹ́yìn tí ọ̀kadà bá ti rìn tó gbóná, kó lè rí ọ̀nà wọ ibi tí píìnì wà. Ọ́ìlì tó bá dúró sí ìta kì í ṣe ju kí ó kó eruku jọ lọ, nítorí náà ẹ nù ún.

Ní ti ọ́ìlì àlòkù tí ọ̀pọ̀ ń dà sí i, èmi kò ní sọ pé ó burú ju àìda nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n irin tó ti jẹ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi fi ọwọ́ ara wa gbé irin há sáàárín píìnì àti búùṣì. Lójú tèmi, ó tún ṣeé ṣe kí ẹni tó ń pààrọ̀ ṣéènì nìkan nígbà tó bá dé nǹkan bí 256 tàbí 257, kí eyín tó bàjẹ́, náwó kéré ju ẹni tó dúró di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ á kú pọ̀. Mi ò fi ìyẹn ṣe òfin, nítorí pé bí irin ṣéènì olówó pọ́ọ́kú ṣe le tó kì í hàn lójú. Ohun tí mo dúró lé ni pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ní téèpù ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa wọn ṣéènì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù, kí èyí tó bá ti dé 259 má sì gbé èrò mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀.