Ọjà Alímọ̀ṣọ́ ti bọ́ sórí fóònù, ta ló ń ṣọ́ àṣírí oníbàárà?

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí. Ẹlẹ́kọ ń ké láàárọ̀, aláṣọ ń na aṣọ sókè, ẹlẹ́pà ń bu díẹ̀ fún ẹni tó ń kọjá lọ pé kó tọ́ ọ wò. Bí ènìyàn bá dé ọjà Ìkọ̀tún lónìí, tàbí Ẹgbẹ́dá, tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìgàndò, ariwo yẹn kò tíì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìpolówó mìíràn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí etí kò lè gbọ́. Ìyá aláṣọ tó jókòó sídìí ìsọ̀ rẹ̀ a fi fóònù ya àwòrán léèsì tuntun, a kọ iye rẹ̀ sí i, a fi ránṣẹ́. Kí ó tó jẹun ọ̀sán tán, ẹnì kan ní Ìbàdàn lè ti san owó rẹ̀ sí báǹkì.

Kò yani lẹ́nu pé irú òwò báyìí rọrùn láti gbilẹ̀ níbẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yarí nígbà náà, ó ní iye tí òun fúnra òun kà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. Nínú ìkànìyàn méjèèjì, Alímọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù ní gbogbo Èkó. Ènìyàn pọ̀, ṣọ́ọ̀bù wọ́n, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Ìyànà-Ìpájà dé Ìkọ̀tún sì lè mú kí oníbàárà yí padà sílé. Ẹni tí kò lówó ṣọ́ọ̀bù ń fi fóònù ṣe ìsọ̀.

Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbòde, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó láti fi gbogbo òru jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ní 2006, Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó sì wá yé ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kíkọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè mú owó ìpolówó wọlé. WhatsApp gbé èyí tó wà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké jáde ní 2018. Àmọ́ ohun tó ti ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà wọ inú rẹ̀ gan-an ni àrùn Kòrónà. Alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ẹni tí kì í ta oúnjẹ tàbí oògùn kò lè ṣí ìsọ̀ mọ́, ó di dandan kí ó bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbé ọjà sórí fóònù.

Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ìsọ̀ náà wà ṣá o. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, kò sì ṣí i títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú káàkiri àgbáyé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ìdí nìyí tí búlọ́ọ̀gì fi ṣì wúlò fún ẹni tó bá ní sùúrù. Rànṣọrànṣọ kan ní Ẹgbẹ́dá tó bá ń kọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ òkè kí kòkòrò má bà á jẹ́, tàbí iye ọ̀pá tí agbádá ẹni tó sanra ń gbà, ẹni tó ń wá ìmọ̀ yẹn lórí Google lè bá a pàdé láìmọ̀ ọ́n rí. Wákàtí 24 péré ni àwòrán ń lò lórí status WhatsApp kó tó parẹ́. Ohun tí a kọ sórí búlọ́ọ̀gì lè mú oníbàárà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Blogger tó jẹ́ ti Google kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ̀wé síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbẹgẹ́ ni ti àṣírí oníbàárà. Ìyá ọlọ́jà àtijọ́ mọ ẹni tó jẹ òun lówó, ó mọ ìyàwó tó ń ra aṣọ láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Bó bá pọ̀ jù, inú ìwé gbèsè tó ká sábẹ́ irọ̀rí. Àwọn kan lára ọlọ́jà orí fóònù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ènìyàn lè gbà pé àwọn kì í ṣe gbájúẹ̀, wọn a ya àwòrán ẹrù tí wọ́n ti dì, tòun ti orúkọ ẹni tó rà á, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ gàdàgbà lára rẹ̀, wọn a gbé e síta. Wọn a tún gbé álẹ́ẹ̀tì báǹkì síta pẹ̀lú.

Oníjìbìtì kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò pe nọ́ńbà náà, yóò dárúkọ ẹni, yóò dárúkọ ẹrù tí ẹ rà. Yóò ní òun ni dísípáàṣì tó ń gbé e bọ̀, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín, kí ẹ jọ̀ọ́ kà á fún òun. Bí ẹ bá kà á pẹ́nrẹ́n, WhatsApp yín ti di tirẹ̀ nìyẹn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ yín yá owó lọ́wọ́ ẹbí àti ará ìjọ.

Ẹ wo ti gúrúùpù náà. Oníṣòwò a kó igba oníbàárà sínú gúrúùpù kan láìbèèrè lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn a sì máa rí nọ́ńbà ara wọn láti ìgbà yẹn lọ. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lè wá máa pe obìnrin kan lóru. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí wọ́n ń pè ní broadcast wà, tó lè gbé ìròyìn kan náà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 256, tí ẹnì kan kò ní rí nọ́ńbà ẹnì kejì. Kìkì ẹni tó ti kọ nọ́ńbà oníṣòwò náà sínú fóònù ara rẹ̀ ni yóò rí i gbà. Àwọn oníṣòwò kan ka èyí sí àléébù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló dára níbẹ̀.

Onídìrí àti rànṣọrànṣọ tó ń ya oníbàárà láwòrán, tó sì ń fi ojú rẹ̀ polówó, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tó bá yà sórí búlọ́ọ̀gì náà lè rò pé òun kàn kà á lọ ni, àmọ́ ó lè ti fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní cookie a máa wọ inú fóònù rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé ẹni yìí ti wá rí. Bí oníbúlọ́ọ̀gì bá gba ìpolówó Google láyè, cookie yìí ni wọ́n fi ń mọ irú ọjà tí wọn yóò gbé síwájú àlejò. Google fúnra rẹ̀ pa á láṣẹ pé kí oníbúlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ kí àlejò lè mọ̀.

Òfin wà fún gbogbo èyí. Abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn, èyí tí àjọ NDPC ń mójú tó. Ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀ ni òfin náà yọ sílẹ̀, kò yọ òwò. Owó ìtanràn oníṣòwò kékeré lè dé mílíọ̀nù méjì náírà, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Bí oníbàárà bá sì ní òun kò fẹ́ ìpolówó mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Kò jọ pé àjọ náà yóò máa lé aláta kiri ọjà Ìkọ̀tún. Àwọn ńlá ni ìjọba ti ń kojú: ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni WhatsApp, lórí bó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Kí ẹni tó wà lábúlé má rò pé ọ̀rọ̀ ará Èkó nìkan ni. Bàbá tó ń kó gàrí tàbí epo ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìgàndò, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ lè ti wà lójú ìpolówó. Ẹ bi ọmọ náà léèrè. Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tó ń dé láìdábọ̀, àjọ NCC ti ṣètò rẹ̀ láti 2016: ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Kò kan èyí tó ń gba orí WhatsApp wọlé. Ìyẹn, ẹ sọ fún ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ pé ẹ kò fẹ́ mọ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ dí nọ́ńbà rẹ̀ pa.