Ẹyọ Mẹ́fà, Ẹyọ Mẹ́jọ: Bí Òǹkà Ṣe Di Lẹ́tà Láàárín Wa

Abẹ́ òkè Ìwéré-Ilé, ní Òkè-Ògùn, ni ọ̀tẹ̀ àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ sí Aláàfin Awólẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun padà dé ẹ̀yìn odi Ọ̀yọ́, Àlùfáà Samuel Johnson ròyìn pé igbá òfìfo tí wọ́n fi ọmọrí dé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọba. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè, ọba sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń túmọ̀ irú àrokò bẹ́ẹ̀ fún àgbà.

Àmọ́ àrokò kan wà tí ojú nìkan kò lè tú. Owó ẹyọ lásán ni, tí a sín sórí okùn. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọge tó wù ú. Àjèjì tó bá gbà á lọ́nà á kà á, á rí mẹ́fà, á sì rò pé owó ọjà ni. Ọmọge náà ní tirẹ̀ á pe òǹkà náà sókè: ẹẹ́fà. “Fà” tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n rán: ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn: ẹẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ tẹ́tí sí ohùn wọn dáadáa. “Fà” inú òǹkà lọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí “fà” inú ọ̀rọ̀ ìfẹ́. “Jọ” méjèèjì wà ní àárín. Etí ni kọ́kọ́rọ́ àlọ́ yìí, ẹni tí kò bá sì gbọ́ Yorùbá lè ka ẹyọ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ibo ló ti wá? Èrò tèmi ni pé ọjà ló bí i, kì í ṣe ààfin. Owó wà nínú òǹkà wa gan-an: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, “owó” ló súnkì síwájú wọn. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ló ń wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Láti erékùṣù Maldives ni ẹyọ ti kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó ti Zanzibar wọlé. Ìyálọ́jà tó bá ń ka owó ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ṣé etí rẹ̀ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ẹẹ́fà?

Bí a ṣe sín in náà ń sọ̀rọ̀. Ẹyọ méjì tó dojú kọra, ìbátan àti ìpàdé ni. Tí wọ́n bá kọ̀yìn síra, ọ̀tá ti wọ̀ ọ́. C. A. Gollmer, míṣọ́nnárì tó dé Àgbádárìgì ní 1845, kọ nípa irú nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Ní 1887, ọ̀kan lára wọn, G. W. Bloxam, tẹ àrokò Ìjẹ̀bú jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà kan náà.

Ó máa ń dùn mí nígbà tí wọ́n bá ní àwọn baba ńlá wa kò mọ ohunkóhun nípa kíkọ. Àmì tó dúró fún ìró, tí kì í ṣe fún nǹkan tí ojú rí, ọ̀nà yẹn náà ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ gbà dé ìdí ìwé kíkọ.

“Fà” nìkan kì í sì í tó nígbà gbogbo, nítorí a lè fa ènìyàn mọ́ra, a sì lè fa aṣọ ya. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Nínú àrokò Ìjẹ̀bú kan tí Bloxam tẹ̀ jáde, ẹyọ mẹ́fà ló wà pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ, irú èyí tí a fi ń họ etí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mo fà mọ́ ọ, kí ìwọ náà fà mọ́ mi, etí rẹ nìkan ni ìyẹ́ yìí lè dé, nítorí náà, máa bọ̀ kí n fojú rí ọ.