Fífi Ara Ẹni Hàn Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: Ẹ̀kọ́ láti Kumasi fún Olùkọ́ Èdè

Bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń kọ́ ọ ní kíláàsì èdè. Ẹ̀kọ́ náà rọrùn lójú, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ọmọ tí a kọ́ dáadáa ti lè di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú àgbà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí ó ń fi ọ̀wọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kumasi, olú ìlú àwọn Àṣáńtì ní Gánà, ṣe àpẹẹrẹ. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń gbé ibẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì padà sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí Twi ti mọ́ lẹ́nu.

Ní èdè Twi, 'wo' ni a fi ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọmọdé tàbí àgbà. Èyí kò sọ pé Twi kò ní ọ̀wọ̀. Inú ètò ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà. Wọn yóò kí àlejò káàbọ̀, wọn yóò fún un ní ìjókòó àti omi, kí wọ́n tó bi í ní 'amanneɛ', ìyẹn ohun tí ó gbé e wá. Òun náà yóò kọ́kọ́ ní àlàáfíà ni. Bí ó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, yóò fi 'mepa wo kyɛw', ìyẹn ẹ̀bẹ̀, ṣíwájú 'me din de Kofi'.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó bi àgbà pé, "Jọ̀wọ́, kí ni orúkọ rẹ?", wọn yóò ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti bẹ̀bẹ̀! 'Wo' ni ó túmọ̀. Kò mọ̀ pé inú 'ẹ' àti 'yín', àti nínú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, ni Yorùbá ń wo ọ̀wọ̀. Bí ọmọ Yorùbá náà bá sì lo 'mo', tí í ṣe 'ẹ̀yin' ní Twi, fún àgbà kan ṣoṣo, àgbà náà lè bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí ó tún wà níbẹ̀.

Ti àwọn ará Jàpáàn tún yàtọ̀. Ẹni tí ń jẹ́ Tanaka lè tẹrí ba, kí ó ní, "Hajimemashite. Tanaka to mōshimasu." 'Mōshimasu' jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ènìyàn fi ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. 'San' tí wọ́n ń fi kún orúkọ ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ fi í kún tirẹ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ Yorùbá má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí "Orúkọ mi ni". Kí ó kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ní èdè tí ó ń sọ nílé. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí eré: ẹnì kan ṣe àgbà, ẹnì kan ṣe àlejò, ìkíni pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ ni àkọ́kọ́, orúkọ ni ìkẹyìn. Bí ọmọ bá ṣì 'o' lò fún 'ẹ', kí a tọ́ ọ sọ́nà láìpè é ní aláfojúdi. Ọ̀wọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀. Ibi tí Yorùbá ń gbé e sí ni a kò tíì fi hàn án.