Ẹ Mọ Orúkọ Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Yín Kí Ẹ Tó Tún Un Ṣe

 

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Kàbà àti ní gbogbo ilẹ̀ Okun, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti èlé orí owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó ìpín. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò kan òun, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ni àkọsílẹ̀ owó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa wà lónìí.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ kan wò ní àdúgbò wa. Mo bá akọ̀wé wọn níbi tó káwọ́ lérí. Ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn ti fọ́, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n ṣe ìpàdé gbogboogbò ọdún. Akọ̀wé ti pe ẹni tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní Èkó, ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún un kò ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà lọ, àti pé ó fẹ̀ tó ìnṣì 14. Wọ́n sanwó, ojú tuntun dé. Fífẹ̀ rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí, àmọ́ ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀ lára rẹ̀ ní eyín 40, ti kọ̀ǹpútà wọn sì jẹ́ eyín 30. Kò wọlé. Owó ẹgbẹ́ ti lọ, wọ́n sì sún ìpàdé síwájú. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀gúsí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní: "Ọmọ mi, owó ilé-ìwé ọmọ ni mo fẹ́ gbà. Ṣé inú àpótí tó fọ́ yìí ni owó mi há sí ni?" N kò lè dá màmá lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe olè ló jà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ta ọjà kò rẹ́ wọn jẹ. Orúkọ kọ̀ǹpútà wọn ni wọn kò mọ̀.

Ẹ wo àwọn ìyá wa tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bí bẹ́líìtì bá já, wọn kì í kàn dé ọjà kí wọ́n ní, "Ẹ fún mi ní bẹ́líìtì." Nọ́ḿbà ara rẹ̀ ni wọ́n ń kà, bíi B56 tàbí B60. Lẹ́tà náà ń sọ bí bẹ́líìtì ṣe nípọn tó, nọ́ḿbà sì ń sọ gígùn rẹ̀ ní ìnṣì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà.

Orúkọ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní. Èkíní ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, èyí tó dàbí orúkọ ìlú. Èkejì ni orúkọ módẹ́ẹ̀lì, èyí tó dàbí orúkọ ìdílé. Ẹ̀kẹta ni nọ́ḿbà síríà, èyí tí í ṣe ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, bí orúkọ àbísọ. Ẹni tó bá wá ènìyàn dé Kàbà, tí kò mọ̀ ju pé ará Kàbà ni, yóò rìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Orúkọ ìdílé, èyíinì ni módẹ́ẹ̀lì, ni ìwé àtúnṣe ń tẹ̀ lé.

Níbo ni a ti ń rí i? Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ iná rẹ̀, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ ó rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí bátìrì sì ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

1. Bó bá jẹ́ Dell, ẹ wá ohun tí wọ́n pè ní "Service Tag". Lẹ́tà àti nọ́ḿbà méje ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé Dell lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò mú ìwé kọ̀ǹpútà yín gan-an jáde.

2. Bó bá jẹ́ HP, ẹ wá nọ́ḿbà ọjà tó ní àmì # nínú. Ohun tó ṣáájú àmì náà ló ń sọ irú kọ̀ǹpútà tó jẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ṣe é fún. ABU ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ABA ni ti Amẹ́ríkà. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa tí a ń ra tòkunbọ̀, nítorí pé kíbọ́ọ̀dù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àmì £ lórí nọ́ḿbà 3, ti Amẹ́ríkà sì ní #. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù, ẹ wo èyí kí ẹ tó sanwó.

3. Bó bá jẹ́ Lenovo ThinkPad, lẹ́tà kan ṣoṣo lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. T480 ní bátìrì tí a lè yọ láti ìta àti àyè méjì fún RAM. T480s kò ní bátìrì ìta, àyè kan ṣoṣo ló sì ní fún RAM, nítorí pé wọ́n ti jó ìyókù mọ́ pátákó inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo àmì mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ḿbà irú ẹ̀rọ náà: 20L5 tàbí 20L6 ni T480, 20L7 tàbí 20L8 ni T480s.

4. Bó bá jẹ́ ti Apple, ẹ ṣọ́ra. Nọ́ḿbà A1278 wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní 2008, ó sì wà lẹ́yìn ti 2012. Ti 2008 ní bátìrì tí a lè yọ. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní in. Ẹ fi nọ́ḿbà síríà mọ ọdún rẹ̀.

Bí ìwé pélébé náà bá ti pa rẹ́, tí kọ̀ǹpútà Windows náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ ó rí "System Model" níbẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ rárá, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè tú u kó wo nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára pátákó inú rẹ̀.

Tí orúkọ bá ti dé ọwọ́ yín, ọ̀fẹ́ ni ìwé àtúnṣe. Dell, HP àti Lenovo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2003, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Kalifóníà, Kyle Wiens àti Luke Soules, dá iFixit sílẹ̀, níbi tí a ti ń fi àwòrán ṣàlàyé bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ àti bí a ṣe ń dá a padà, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Kódà bí ẹ kò bá ní fọwọ́ ara yín tú u, ẹ kà á. Ẹni tó mọ orúkọ ẹ̀yà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń lò, yálà Kàbà ló wà tàbí Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ẹnu rẹ̀ á gbà á nídìí ọjà.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ bátìrì, wọ́n rí orúkọ náà lódindi, wọ́n ka ìwé àtúnṣe, wọ́n sì béèrè ojú tó yẹ. Ó wọlé. Ìyá ẹlẹ́gùúsí gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, owó ojú àkọ́kọ́ kò sì padà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo akọ̀wé àti akápò. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́, módẹ́ẹ̀lì àti nọ́ḿbà síríà kọ̀ǹpútà yín sínú ìwé ohun-ìní ẹgbẹ́. Ẹ kọ iye fóòtì ṣájà rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ḿbà síríà yóò tún jẹ́ ẹ̀rí yín bí olè bá gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ da àkọsílẹ̀ owó kọ sórí fláàṣì mìíràn, kí ẹ má sì pa ìwé àfọwọ́kọ tì. Nígbà tí mo bá tún dé, ojú ìwé náà ni màá kọ́kọ́ ní kí ẹ ṣí fún mi.

Àwọn àgbà ní, orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ di ìjánu kọ̀ǹpútà yín mú, kí owó ẹgbẹ́ má bàa bá a sá lọ. Ire o.