Àìsàn Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀: Bí Wáyà Kan Ṣe Fẹ́ Jẹ́ Ká Ra Gíábọ́ọ̀sì Tuntun

Bí ọkọ̀ bá kú pátápátá, ọ̀rọ̀ rọrùn. Ẹ ó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n á tú u, wọ́n á rí ohun tó ṣe é. Èyí tó le ni ọkọ̀ tó ń ṣe bí àbíkú. Lójú títì, àìsàn ni. Tó bá ti fojú kan mẹkáníìkì báyìí, ara rẹ̀ á yá gágá.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù àǹtí mi. Iṣu ni wọ́n ń tà. Agbègbè Ṣakí ni wọ́n ti ń kó o wá sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà, ọtọmátíìkì sì ni, ìyẹn ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń yí gíà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Nígbà mìíràn á kàn ta gìrì bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan lù ú nídìí. Nígbà mìíràn, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú, ọwọ́ tó ń tọ́ka eré á já sílẹ̀ sí òdo, gíà á sì há sójú kan. Tí dẹ́rẹ́bà bá pa á, tó tún tan án, kò sí nǹkan kan mọ́.

Lóru ọjọ́ kan, lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, ó há bẹ́ẹ̀ lórí òkè tòun ti ẹrù iṣu lẹ́yìn, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn tó ń fun fèrè kíkankíkan. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Mẹkáníìkì sọ pé gíábọ́ọ̀sì ti lọ, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Iye tó pè é tó ra ọ̀kadà tuntun. Àǹtí mi ti ń múra láti lọ yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n pè mí.

“Ìwọ tó o ń ka físíìsì láti ọjọ́ yìí, kí lo rí sí i?”

Ta ló ń yí gíà gan-an?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé irin nìkan ló wà nínú gíábọ́ọ̀sì. Nínú ọtọmátíìkì, òróró ló ń ṣiṣẹ́ agbára. Fífún ni wọ́n ń fún òróró yẹn, tí yóò fi ti kílọ́ọ̀ṣì tó yẹ. Àwọn ẹnu ọ̀nà kéékèèké ló ń pinnu ibi tí òróró máa gbà, solenoid ló sì ń ṣí wọn tó ń tì wọ́n. Wáyà tí wọ́n wé jọ ni solenoid. Tí iná bá gba inú rẹ̀, á di òòfà, á fa irin kékeré kan, ọ̀nà á ṣí.

Kọ̀ǹpútà kan ló ń pàṣẹ fún àwọn solenoid wọ̀nyí. Ó ń wo eré tí ọkọ̀ ń sá, bí dẹ́rẹ́bà ṣe tẹ tòtú tó, àti bí òróró ṣe gbóná tó. Tí ohun tó ń gbọ́ kò bá bára mu, ẹ̀rù á bà á. Á fi ọkọ̀ sí gíà ẹyọ kan (nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni), kí ẹ lè rọra wọ́ délé láìba nǹkan jẹ́. Tí ẹ bá pa ọkọ̀ tí ẹ tún tan án, kọ̀ǹpútà á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá.

Nítorí náà, gíà lè máa há nígbà tí irin inú gíábọ́ọ̀sì le koko. Ó lè jẹ́ iná ló ń dà á láàmú.

Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti gbọ́dọ̀ ní ojú ihò OBD-II lábẹ́ sítíárìn, ibi tí wọ́n ti ń ka ẹjọ́ tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá kọ sílẹ̀. Mo yá ẹ̀rọ tó ń kà á, mo rí mẹ́ta: P0700, P0562 àti U0101. P0700 nìkan ni mẹkáníìkì rí mú. Ṣùgbọ́n ohun tí P0700 ń sọ kò ju pé “kọ̀ǹpútà gíábọ́ọ̀sì ní ẹjọ́ í rò” lọ. Ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Kò tí ì sọ ohun tó bá wá. P0562 ní iná ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. U0101 ní àwọn kọ̀ǹpútà yòókù pe ti gíábọ́ọ̀sì títí, kò dáhùn. Tí ẹ bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n ń sọ.

Ibí yìí ni mo ti gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí mo ti gọ̀.

Àṣìṣe tèmi

Mo gbé mítà. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, iná iwájú wà ní títàn. Mo fi ọwọ́ pupa mítà kan orí pọ́sítíìfù bátìrì, mo fi ọwọ́ dúdú kan bólùtì kan lára bọ́dì ọkọ̀. Ó kọ 12.7 fóltì.

Bátìrì tó kún tó sì ń sinmi máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí nǹkan bíi 13.8 sí 14.5. Mo ní, “Ẹ wò ó, alternator ò ṣàjí bátìrì.” Àǹtí mi ra alternator tòkúnbọ̀, wọ́n fi sí i.

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ọkọ̀ lọ sí Ṣakí ó bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin, kò ṣe nǹkan kan. Àdúrà rọ̀jò lé mi lórí. Àǹtí mi ń fi mí yangàn lọ́jà.

Nígbà karùn-ún, lóru, ó tún há.

Tí àìsàn bá ń lọ tó ń bọ̀, gbogbo oògùn ló máa ń jọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mo ti ní kí dẹ́rẹ́bà máa kọ gbogbo ìrìn-àjò sínú ìwé. Kí a tó pààrọ̀ alternator, nínú ìrìn-àjò 12, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló há, ìyẹn ẹyọ kan nínú mẹ́ta. Ìrìn-àjò tí kò ní wàhálà jẹ́ méjì nínú mẹ́ta. Bí a kò bá tiẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà rárá, pé kó lọ lẹ́ẹ̀mẹrin láìhá jẹ́ 2/3 × 2/3 × 2/3 × 2/3, ìyẹn 16 nínú 81, nǹkan bí ìdá márùn-ún kan. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu rárá! Ó di ìgbà tó bá lọ lẹ́ẹ̀mẹjọ léraléra kí orí-ire lásán tó lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 4 nínú 100. Mo jó kí ìlù tó dún.

Ìwé yẹn kan náà ló gbà wá sílẹ̀. Nígbà tí mo padà kà á dáadáa, gbogbo ìgbà tó há ló jẹ́ alẹ́ tàbí ìgbà òjò. Kò há ní ọ̀sán gbígbẹ rí. Kí ló wà lálẹ́ tí kò sí lọ́sàn-án? Iná iwájú. Kí ló wà nígbà òjò? Wáípà, àti iná pẹ̀lú.

Bàbá rewáyà

Àǹtí mi ní òun ò gbọ́ gírámà mọ́. Wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ bàbá rewáyà kan tó ti ń ṣe iná ọkọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá gbọ́ ẹjọ́ wa, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Púrọ̀fẹ́sọ̀, níbo lo ti wọn 12.7 yẹn?”

“Ara bọ́dì ni, bàbá. Ṣebí irin kan náà ni òun àti nẹ́gátíìfù bátìrì.”

“Irin kan náà kọ́ o.”

Wọ́n tan iná iwájú, wáípà, fáànù AC, gbogbo ohun tó ń jẹ iná. Wọ́n fi ọwọ́ mítà méjèèjì kan orí bátìrì gan-an: 13.9. Alternator ń ṣiṣẹ́! Ó ṣeé ṣe kí ti àtijọ́ náà máa ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ dúdú lọ sára bọ́dì: 12.7. Wọ́n wá ṣe ohun tí mi ò rò rí. Wọ́n fi ọwọ́ kan sórí nẹ́gátíìfù bátìrì, wọ́n fi èkejì sára bọ́dì. Ó yẹ kó jẹ́ òdo, tàbí kó má ju 0.2 lọ. Mítà kọ 1.2.

Ojú tì mí. Kíláàsì físíìsì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kọ́ wa pé fóltì kì í dá dúró sójú kan. Àárín ibi méjì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Mo wọn bátìrì pọ̀ mọ́ àìsàn, mo wá sọ pé alternator ló jẹ̀bi.

Nínú ọkọ̀ yìí, ara ẹ́ńjìnì ni wáyà nẹ́gátíìfù bátìrì lọ. Ṣùgbọ́n orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnì jókòó sí, kó má baà máa gbọn gbogbo ọkọ̀, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Nítorí náà, iná tó bá jáde lára bọ́dì gbọ́dọ̀ gba wáyà pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n hun bí irun dídì, kó tó padà sára ẹ́ńjìnì. Òun ni àwọn rewáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Tiwa wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì nísàlẹ̀, ibi tí ẹrẹ̀ ń ta sí. Lójú, ó dà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Bàbá tú bólùtì rẹ̀: ó ti dógùn-ún, ó di àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀ okùn inú rẹ̀ sì ti já.

Kí ló dé tí mítà fi ní kò sí nǹkan?

Mo jiyàn pé mo ti yẹ wáyà yìí wò, mítà sì dún “píìì”, tó fi hàn pé iná ń kọjá. Òótọ́ ni, iná ń kọjá. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi í ni: iná mélòó?

Ẹ fojú inú wo géètì ọjà tó fún. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kọjá, kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọjà tú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rí i pé géètì ò tó. Ní 1827 ni Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ ìwé tó ti ṣàlàyé òfin rẹ̀ jáde: fóltì tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà jẹ́ ámpù tó ń kọjá ní ìlọ́po óòmù ọ̀nà náà. Ẹ gbà pé óòmù wáyà yẹn jẹ́ 0.03. Gílóòbù tẹ́sítà kì í jẹ ju nǹkan bí 0.3 ámpù: 0.3 × 0.03, fóltì tó ṣòfò jẹ́ 0.009. Ta ló máa rí ìyẹn? Lọ́sàn-án, ká ní 10 ámpù ló ń kọjá: 0.3 fóltì. Lálẹ́, tí iná iwájú, fáànù àti wáípà bá dé, tó di 40 ámpù: 1.2 fóltì. Mítà tèmi náà ò lè ka 0.03 óòmù dáadáa, torí wáyà ọwọ́ rẹ̀ lásán ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá ní kí n mú ojú sára mítà, wọ́n fi igi mi wáyà náà jìgìjìgì. Mítà fò láti 1.2 lọ sí 4. Iná iwájú rẹ̀wẹ̀sì. Dáṣíbọ́ọ̀dù ṣẹ́jú. A ti rí i mú! Kòtò ojú títì ló ń ṣe iṣẹ́ tí igi yẹn ṣe.

Kọ̀ǹpútà gíábọ́ọ̀sì wà lára bọ́dì, àwọn solenoid wà lára ẹ́ńjìnì. Nígbà tí bọ́dì àti ẹ́ńjìnì ò bá fẹnu kò lórí ibi tí òdo wà, wọ́n dà bí ìyálọ́jà méjì tí kóńgò wọn ò dọ́gba. Kò sí bí ìṣirò wọn ṣe máa bára mu. Ní àkókò tí òdo kọ̀ǹpútà bá fò sókè tó 4 fóltì, 13.9 tó yẹ kó rí á kù sí nǹkan bí 10. Á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá, gíà á sì há.

Wáyà tuntun ni wọ́n fi sí i. Wọ́n ha kíkùn àti ìdógùn-ún kúrò níbi tó ti kan irin, wọ́n sì fi gíríìsì bò ó. Fóltì tó ń ṣòfò já sí 0.04. Wọ́n tún fi igi mì ín: mítà ò mira. Èyí ló dá mi lójú ju ìrìn-àjò mélòó kan lọ. Ohun tí a lè mú kó ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá wù wá, tí a sì tún lè mú kó dáwọ́ dúró, la lè sọ pé a mọ̀. Dẹ́rẹ́bà ti lọ ju ogún ìrìn-àjò lọ báyìí, òru wà níbẹ̀, òjò wà níbẹ̀. Kò há rí.

Tí ọkọ̀ yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀

1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó, òjò tàbí ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀nà kòtò tàbí ọ̀nà dáadáa, kí ló wà ní títàn. Ẹ kọ ìgbà tí kò ṣe nǹkan kan pẹ̀lú.
2. Ẹ ya fọ́tò gbogbo kọ́ọ̀dù kí ẹnikẹ́ni tó pa wọ́n rẹ́. Ẹ kà wọ́n pọ̀.
3. Orí bátìrì gan-an ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wọn fóltì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn láti nẹ́gátíìfù dé ara ẹ́ńjìnì, àti láti nẹ́gátíìfù dé bọ́dì, pẹ̀lú gbogbo iná ní títàn.
4. Igi ni kí ẹ fi mi wáyà, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì. Tí ẹ bá fẹ́ tú nǹkan, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì kọ́kọ́ yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì.

Owó wáyà àti iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rewáyà kò tó owó iṣu mélòó kan. Àǹtí mi ò yá owó mọ́. Ṣùgbọ́n alternator àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọn ò jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Ìgbàkígbà tí mo bá yà kí wọn, wọ́n á fẹsẹ̀ tọ́ka sí i.

“Físíìsì, ìgbà wo lo ń bọ̀ wá ra ọjà rẹ?”