Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà 1980: Ìpín Èkìtì Nínú Rẹ̀

Ní 1980, kò tíì sí ìpínlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Èkìtì. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Adó-Èkìtì wà, Akúrẹ́ ni olú-ìlú, Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin sì ni gómìnà. Ó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996 kí Èkìtì tó dá dúró. Ẹni tó bá wá ń wá orúkọ wa nínú àkọsílẹ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àwọn Orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ọdún 1980 kò ní rí i. Síbẹ̀ a ní ìpín níbẹ̀, ìpín náà kò sì kéré, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó wà nínú àlámànàkì yìí.

Ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ni wọ́n fi gbá a. Ìgbà kejìlá irú rẹ̀ nìyẹn, òun sì ni àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà lálejò. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló wá, ìlú méjì péré ló gbà wọ́n: Èkó, ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè tí wọ́n ti fi ṣe ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kìíní 1973, àti Ìbàdàn, ní pápá Liberty.

Liberty ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí òun ló kàn wá jù. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1960 ni wọ́n ṣí i, òmìnira ku ọ̀la. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ ọ, Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò, Ìyìn àti gbogbo Èkìtì yòókù sì wà nínú ẹkùn náà. Ibo lowó ti wá? Inú kòkó ni. Ẹni tó bá gbé abà nílẹ̀ wa láyé ìgbà yẹn mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. A ó la kòkó, a ó fi ọwọ́ ha èso inú rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ọṣẹ sínú apẹ̀rẹ̀, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, títí yóò fi gbóná tí òórùn rẹ̀ yóò máa ta bí ọtí tó kan, lẹ́yìn náà la óò sá a sórí ẹní. Ọmọdé ló ń fi ẹsẹ̀ tú u lójú oòrùn, ọmọdé náà ló ń sáré kó o bí òjò bá ṣú. Nígbà tí àpò bá dé orí òṣùwọ̀n, kì í ṣe gbogbo iye tí òyìnbó ra kòkó ló ń tẹ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ta kòkó, a máa yọ nínú rẹ̀ pamọ́, ibẹ̀ ni ìjọba sì ti ń rówó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tó ń rówó ṣe títì, tó fi rówó kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Àgbẹ̀ Èkìtì tí kò fi ẹsẹ̀ kan Liberty rí ti san owó ìwọlé rẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú kí Àlgéríà àti Gánà tó dé ibẹ̀.

(Ṣáájú bọ́ọ̀lù yìí ni ayé ti mọ pápá náà. Níbẹ̀ ni akànṣẹ́ Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1963, tó sì di adé àwọn akànṣẹ́ rẹ̀ mú.)

Ìsọ̀rí kejì ni wọ́n gbé wá sí Ìbàdàn: Àlgéríà, Mòrókò, Gánà àti Gínì. Gánà ló gba ife ní 1978 nílé ara wọn. Ìgbà kẹta wọn nìyẹn, nítorí náà wọ́n fún wọn ní ife àtijọ́ mú lọ sílé pátápátá, ife tuntun ni wọ́n sì gbé sílẹ̀ fún 1980. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ife tuntun yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Eré Ìbàdàn kò ní góòlù rẹpẹtẹ. Àlgéríà àti Gánà gbá ọ̀mì 0–0, Mòrókò àti Gínì gbá 1–1. Àlgéríà na Mòrókò 1–0, Gánà na Gínì 1–0. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni nǹkan yí. Àlgéríà na Gínì 3–2, Mòrókò sì na Gánà 1–0. Àmì méjì ni ìborí kan ń mú wá nígbà náà, ọ̀kan fún ọ̀mì. Àlgéríà ní àmì 5, Gínì ní ẹyọ 1, Mòrókò àti Gánà sì jọ ní 3. Mòrókò gbá 2 wọlé, wọ́n gbá 2 sínú ilé wọn; Gánà gbá 1 wọlé, wọ́n gbá 1 sínú ilé wọn. Góòlù kan ṣoṣo tí Mòrókò fi ju Gánà lọ ló lé ẹni tó ni ife padà sílé. Mo ti ka ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì ń dùn mí fún wọn.

Ní Èkó, Nàìjíríà, Íjíbítì, Côte d'Ivoire àti Tànsáníà ni wọ́n jọ wà. Ìgbà àkọ́kọ́ Tànsáníà nìyẹn, ó sì di 2019 kí wọ́n tó tún fojú kan ìdíje náà. Báyìí ni wọ́n ṣe gbá a:

Nàìjíríà 3, Tànsáníà 1
Íjíbítì 2, Côte d'Ivoire 1
Nàìjíríà 0, Côte d'Ivoire 0
Íjíbítì 2, Tànsáníà 1
Nàìjíríà 1, Íjíbítì 0
Côte d'Ivoire 1, Tànsáníà 1

Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn. Ìpò kẹta ni Nàìjíríà ṣe ní 1976, ìpò kẹta náà ló tún ṣe ní 1978. Èyí tó dunni jù ni ti ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1977, ní Sùúrùlérè yìí kan náà, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà kan fẹ́ fi orí lé bọ́ọ̀lù Tùnísíà jáde, tó fi orí kàn án sínú ilé wa. Bí ọ̀nà Ife Àgbáyé 1978 ṣe dí mọ́ wa nìyẹn. Ìdí rèé tí ọ̀mì 0–0 pẹ̀lú Côte d'Ivoire fi mú kí ọ̀pọ̀ máa mi orí.

Otto Glória, ará Bràsíìlì, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òun ló kó Pọtogí dé ìpò kẹta nínú Ife Àgbáyé 1966, kì í ṣe ẹni kékeré. Christian Chukwu ni balógun ẹgbẹ́. Henry Nwosu wà nínú wọn, kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Adókíyè Amiesimaka tó ń sáré létí ìlà jẹ́ ọmọ tó kọ́ ìmọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ti ẹgbẹ́ Shooting Stars Ìbàdàn wá: Best Ogedegbe tó ń ṣọ́ ilé, Mudaṣíru Lawal tí gbogbo ayé ń pè ní Muda, Felix Owólabí, àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Shooting Stars ti gba ife Áfíríkà fún àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní 1976, ojú wọn ti là. Muda, ọmọ Abẹ́òkúta, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di èèyàn ńlá. Ọdẹ́gbàmí lọ sí Poli Ìbàdàn, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èyí ya àwọn bàbá wa lẹ́nu gan-an, torí lójú wọn, ọmọ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ti sọ ìwé nù.

Mòrókò ló kàn wá ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Owólabí gbá ẹyọ kan wọlé ní kùtùkùtù eré, ó tó. Àlgéríà àti Íjíbítì gbá 2–2, Àlgéríà sì fi pẹnátì borí, 4–2. Mòrókò ló padà ṣe ìpò kẹta, wọ́n na Íjíbítì 2–0.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ni àṣekágbá. Ìjìgbò, ní Adó, ni mo wà, ní iwájú ìsọ̀ télọ̀ kan, ọmọdé ni mí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí télọ̀ náà ti ń sá bátìrì rédíò rẹ̀ sórí páànù kí oòrùn lè dá agbára díẹ̀ padà sínú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan rédíò náà láti òwúrọ̀. Nígbà tó tó àkókò, ó kó bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, ó fi eyín tẹ ìkan tó ti tẹ̀ díẹ̀, ó pa ìdérí mọ́ ọn, ó sì fi òwú ìránṣọ dì í. Ohùn Ernest Okonkwo, ẹni tó ń ròyìn eré náà lórí rédíò, jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dúró níbẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ, kò sì dí wọn lọ́wọ́, torí Okonkwo ti fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Chukwu ni Chairman. Amiesimaka ni Chief Justice. Owólabí ni Owoblow. Ọdẹ́gbàmí ni Mathematical. Oríkì ni a ka gbogbo rẹ̀ sí. Bí Okonkwo bá ti pe Mathematical, ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á dìde dúró.

Ìṣẹ́jú kejì ló dìde lọ́jọ́ náà. Ọdẹ́gbàmí ti gbá a wọlé, ẹlòmíì kò tíì rí ibi jókòó sí. Ní ìṣẹ́jú 42, Ọdẹ́gbàmí tún ni. Ìdajì eré parí, télọ̀ pa rédíò kí bátìrì lè sinmi, kò sẹ́ni tó bá a jà. Nígbà tó tún un tàn, ohùn náà ti rẹlẹ̀, a kó orí jọ sídìí rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Ìṣẹ́jú 50, Muda Lawal: ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ Shooting Stars ló gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Rédíò kú kí fèrè tó dún, inú igbe àwọn ará Òkè-Ìlá la sì ti gbọ́ pé ó ti parí. Nàìjíríà 3, Àlgéríà 0. Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí gbé ife tuntun náà lé Chukwu lọ́wọ́. Ìjọba fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ilé, ọkọ̀ àti oyè orílẹ̀-èdè.

Góòlù 33 ni wọ́n gbá wọlé nínú eré 16. Ọdẹ́gbàmí àti Khalid Labied ti Mòrókò ló gbá jù, mẹ́ta mẹ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Àlgéríà ọjọ́ náà kò já mọ́ nǹkan. Ní oṣù Kẹwàá 1981, wọ́n wá sí Èkó, wọ́n na wá 2–0, wọ́n tún na wá 2–1 nílé wọn, wọ́n sì gba àyè Ife Àgbáyé 1982 lọ́wọ́ wa. Ní Spéènì lọ́hùn-ún, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, wọ́n na Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn 2–1, Madjer àti Belloumi ló gbá a wọlé. Àwọn tí a fi góòlù mẹ́ta lù nìyẹn.

Ife tuntun yẹn ńkọ́? Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á nígbà mẹ́ta ni yóò mú un lọ. Nàìjíríà gbà á ní 1980 àti 1994, Kamẹrúùnù gbà á ní 1984 àti 1988. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2000, àwọn méjèèjì pàdé nínú àṣekágbá, Sùúrùlérè náà ni. Wọ́n fi méjì ṣáájú, a dá méjèèjì padà, ó di pẹnátì. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba, ọmọ Nàìjíríà, lu ọ̀pá òkè, ó bọ́ sílẹ̀ kọjá ìlà, ó tún ta jáde, adájọ́ ní kò wọlé. Kamẹrúùnù borí, 4–3. Ilé ibi tí a ti kọ́kọ́ gba ife náà ni wọ́n ti gbé e lọ pátápátá.

Ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé náà ti dé ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn 1980: ti àwọn ọ̀dọ́ ní 1999, tí Ìbàdàn àti Èkó wà nínú àwọn ìlú tó gbà á, àti ti àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ ní 2009, tó kan Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí èyí tó dé Adó.

Muda kú ní 1991, kò tíì pé ogójì ọdún. Ogedegbe tẹ̀lé e ní 2009, Nwosu àti Chukwu ní 2025. Liberty ti di Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 2010. Orúkọ Muda Lawal ló wà lára pápá Àṣẹ́rò ní Abẹ́òkúta. Ní Adó, pápá tí àwọn obìnrin Ekiti Queens ti ń gbá bọ́ọ̀lù ń jẹ́ Olúyẹmí Káyọ̀dé. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, eré ló ń sá. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1994, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí òun, Chidi Imoh, Ọlápàdé Adéníkẹ̀ẹ́ àti Davidson Ezinwa gba fàdákà ní Òlíḿpíìkì Barcelona nínú eré ọ̀pá àfilénilọ́wọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 37.98. Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ di ọ̀pá náà mú.